Bí mo ṣe kó fáìlì àdìrẹ jáde nínú háàdì dísìkì tó ń kú lọ, àti ibi tá à ń kó wọn sí báyìí

Háàdì dísìkì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. 1TB ni, irú kékeré tó ń gba iná láti ojú USB. Àǹtí ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n mi yìí, wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú níbí ní Abẹ́òkúta, gbogbo àwòrán aṣọ tí wọ́n ti ṣe láti ọdún gbọọrọ ló wà nínú ẹ̀, ẹlẹ́kọ, oníko, àwọn bátànì tí oníbàárà á kàn pè láti ìlú òyìnbó pé "ẹ bá mi ṣe irú èyí tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́sí", fídíò àwọn ìyá àgbà tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, ìwé owó ọjà, gbogbo ẹ̀ á tó 640GB. Kò sí ibòmíì tí wọ́n wà. Mi ò ní ṣàlàyé ìwé rẹpẹtẹ, ohun tí mo ṣe àti iye tó ná wa ni mo máa sọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ka ìyókù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú èyí dání: dísìkì tó bá ti ń ṣàìsàn, ẹ má gbìyànjú àtitún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú ẹ̀ sá jáde ná.

1. Àyẹ̀wò

Windows mú un, ó fún un ní lẹ́tà E, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á ro ó títí, á wá kọ "You need to format the disk in drive E: before you can use it". Ẹ má tẹ Format o. Cancel ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò.

Wáyà ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí wáyà irú dísìkì yìí, èyí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn, ó máa ń tètè jò lẹ́nu. Mo ra tuntun ní Pànṣẹ́kẹ́, ₦3,500. Mo kì í bọ ẹ̀yìn desktop tààrà, ibì kan náà la wà. Mo gbé e sórí láptọ́ọ̀pù míì, ohun kan náà ló ń wí. Mo wá gbé etí lé e: ó ń yí geere, ó ṣe tíkì lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ń yí lọ. Ìyẹn ṣì dáa. Tó bá jẹ́ pé tíkì-tíkì-tíkì ló ń ṣe láìdúró tí kọ̀ǹpútà ò sì rí i rárá, orí tó ń ka dísìkì ló bàjẹ́, ẹ má fi sọ́fítíwía dá a lóró, àwọn tó ní yàrá tí eruku ò lè wọ̀ ló lè ṣí irú ẹ̀, owó wọn ò sì kéré.

Mo ṣí CrystalDiskInfo, sọ́fítíwía tó ń sọ bí ara dísìkì ṣe le tó, ó pọ́n yẹ́lò, Caution. Ìlà C5, Current Pending Sector, kọ 0000000001F8. Hex ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn ìkà oní-16, 504 ni lójú tiwa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa kọ nọ́ńbà bá a ṣe ń kà á, ẹ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, kẹ́ ẹ mú 10 [DEC]. Ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni pé sẹ́kítọ̀ 504, ìyẹn àwọn ojú kéékèèké tí dísìkì ń kọ nǹkan sí, wà tí dísìkì fẹ́ kà tí ò rí kà, ó wá ń dúró kí èèyàn kọ nǹkan tuntun síbẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá ibẹ̀ ṣì ṣeé lò àbí kó gbé ibòmíì rọ́pò ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá fọ́ọ̀mátì irú dísìkì yìí látòkèdélẹ̀, C5 lè padà sí òdo, oníṣẹ́ á wá ní òun ti tún un ṣe, á gbowó, fáìlì yín ló ti lọ yẹn.

2. Ohun tí wọ́n ti ṣe sí i kó tó dọ́wọ́ mi

Èyí tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i. Àǹtí ti kọ́kọ́ gbé e lọ fún ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ìyẹn sì ti run chkdsk /f, irinṣẹ́ Windows tó ń tún dísìkì tò, lé e lórí, iná lọ láàárín kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀ọ́mọ̀, ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Àmọ́ chkdsk ò wà fún fáìlì yín o, ètò orí dísìkì ló ń tò, ibi tí kò bá lóye á gé e sọnù tàbí kó kó o sínú fódà kan tó ń jẹ́ FOUND.000, á sọ orúkọ wọn di FILE0000.CHK, FILE0001.CHK, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí dísìkì tí ojú ẹ̀ ń jẹrà, ilé tó ń jó lèèyàn ń gbá. Yàtọ̀ síyẹn, exFAT ni wọ́n fi fọ́ọ̀mátì ẹ̀ torí wọ́n máa ń kì í bọ tẹlifíṣọ̀n náà, exFAT àti NTFS jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, exFAT ò sì ní jọ́nà bíi ti NTFS, tí iná bá lọ nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, kò sí àkọsílẹ̀ tó máa fi rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé.

3. Kíkó dísìkì náà odindi

Ohun tí mo lò: dísìkì tuntun 2TB (₦118,000, mo ná an títí ẹnu fi ń ro mí), hub USB tó ní iná tiẹ̀ (₦14,000), Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows) lórí fláàṣì 16GB tó ti wà nílé, àti fáànù orí tábìlì.

Kópì lásán ò dáa fún un. Tí Windows bá dé ojú ibi tó bàjẹ́, á kúnlẹ̀ síbẹ̀, á máa kà á léraléra, gbogbo ibi tó ṣì dáa á máa dúró de ibi tó ti kú, dísìkì á sì máa gbóná sí i. Sọ́fítíwía tó ń jẹ́ ddrescue ò ṣe bẹ́ẹ̀. Á fo ibi tó bá le, á kó èyí tó rọrùn ná, á wá padà sí wàhálà nígbẹ̀yìn. Ní Ubuntu, gddrescue lorúkọ tẹ́ ẹ máa fi gbé e wọlé, àmọ́ ddrescue lẹ máa tẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú.

sudo apt install gddrescue
lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL

Ẹ fi SERIAL tó bá jáde wé èyí tó wà lára ìlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn dísìkì, ẹ má wo 1TB àti 2TB nìkan. Tẹ́ ẹ bá yí ibi tá à ń kó láti inú ẹ̀ àti ibi tá à ń kó o sí padà fún ara wọn, kò sí ẹni tó máa gbà yín o. Lẹ́yìn náà:

sudo ddrescue -d -n /dev/sdb /media/tuntun/adire.img /media/tuntun/adire.map
sudo ddrescue -d -r3 /dev/sdb /media/tuntun/adire.img /media/tuntun/adire.map

Ti àkọ́kọ́ ń kó ibi tó rọrùn, ìkejì ń padà lọ bá ibi tó le. Fáìlì img ni ẹ̀dà odindi dísìkì náà, fáìlì map yẹn sì ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà, òun ló ń rántí ibi tí wọ́n ti kà àti ibi tó kù. Èmi kọ́kọ́ fi tèmi sí Home Ubuntu yẹn, Ubuntu orí fláàṣì sì rèé inú RAM ló ń gbé, bí bátìrì láptọ́ọ̀pù ṣe kú ni map bá a lọ. Ohun tó yọ mí ni pé ddrescue ní --generate-mode, tó máa wo inú img tẹ́ ẹ ti kó dé ìdajì, á ka gbogbo ibi tó jẹ́ òdo sí ibi tí ẹ ò tíì dé, á fi ìyẹn ṣe map tuntun fún yín. Kò péye tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó sàn ju kéèyàn tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Ooru tún dé. Dísìkì yìí gun 55 lórí ìwọ̀n ooru Celsius (smartctl -a -d sat /dev/sdb ló ń sọ ọ́), ọ̀sán Abẹ́òkúta náà mọ̀ pé òun ń mú. Mo yọ ọ́ kúrò lórí tábìlì onígi, mo gbé e lé orí táìsì tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń tún ilé ìwẹ̀ ṣe, mo kọ fáànù sí i, ó wálẹ̀ sí 43. Ó tún máa ń já kúrò fúnra ẹ̀ tó bá dé ojú ibi kan, hub oníná yẹn ló yanjú ìyẹn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra, tó bá já tẹ́ ẹ tún kì í bọ̀, ó lè má jẹ́ sdb mọ́, ó lè ti di sdd. Ẹ máa lo orúkọ tó wà ní /dev/disk/by-id/, ìyẹn kì í yí padà.

Tó bá jẹ́ dísìkì tára ẹ̀ le ni, 1TB ní 80MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ò ju wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Eléyìí ń sáré títí á fi kan ibi tó bàjẹ́, á wá máa rá pálá, mo ń sùn mo ń jí ó ṣì wà níbẹ̀. Àǹtí ń pè: "Àbúrò mi, ṣé wọ́n ṣì wà ńbẹ̀?" Mo ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀ mà. Nígbà tó parí, ó kọ 99.99%, 38MB ni ò rí kà. Ẹ má tíì jó o, torí 38MB yẹn tó bá bọ́ sáàárín fídíò ńlá kan, fídíò yẹn nìkan ni, àmọ́ tó bá bọ́ sí ibi tí dísìkì kọ orúkọ fódà sí, odindi ọdún kan lè di àwátì.

4. Yíyọ fáìlì jáde látinú img

Láti ibí lọ, mi ò fọwọ́ kan dísìkì àtijọ́ mọ́. Orí img ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n. ddrescue lè bá yín kọ àmì sí gbogbo ojú ibi tí ò rí kà, kẹ́ ẹ wá fi grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá fáìlì tí àmì yẹn wà nínú ẹ̀:

printf "IBI-BAJE " > ami.txt
ddrescue --fill-mode=- ami.txt adire.img adire.map

Ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó tún ohunkóhun ṣe nínú img. Lẹ́yìn ẹ̀ mo fẹ́ ṣe ẹ̀dà img kejì kí n lè máa fi ṣiṣẹ́, dísìkì 2TB ò gba img 1TB méjì, ó kù díẹ̀ kó gbà á. 64MB ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan ni mo wá kópì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan (dd if=adire.img of=ori.bin bs=1M count=64), torí ibẹ̀ nìkan lohun tí mo fẹ́ ṣe máa kàn.

Mo ṣí TestDisk, sọ́fítíwía tó ń tún ibi ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì ṣe, lórí img. exFAT máa ń tọ́jú ẹ̀dà ibi ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, sẹ́kítọ̀ 0 sí 11 ni ojúlówó, 12 sí 23 ni ẹ̀dà. Advanced, Boot, ó ní èyí àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, ẹ̀dà dáa. Mo mú Backup BS. Ó parí. Mo gbé img sókè fún kíkà nìkan:

sudo losetup -fP --show -r adire.img
sudo mount -o ro /dev/loop0p1 /mnt/adire

Fódà yọ! Orúkọ wọn pé, àfi fódà 2019 tó wà lóòótọ́ tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo kó gbogbo tó kù jáde, mo wá tẹ find /mnt/adire -type f -exec grep -l "IBI-BAJE" {} +, ó kó orúkọ fáìlì 112 síta. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n farapa, ìyókù kò ní ojú ibi tí ò kà nínú. Kò sí pé à ń ṣí àwòrán ọ̀kẹ́ àìmọye lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn 112 yẹn, ọ̀kan wà tó jẹ́ àwòrán aṣọ Olókun: apá òkè mọ́ rekete, ẹ rí ojú ìlà ẹ̀kọ níbi tí ìyẹ́ ti gbà kọjá, ẹ rí igun mẹ́rin àkọ́kọ́, kó wá di eérú láti àárín lọ sísàlẹ̀, bíi pé wọ́n fi rúlà gé e. Bí JPEG ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn, òkè ló ti ń kà bọ̀ wá sísàlẹ̀, ibi tó bá ti sọnù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ kì í sábà bọ̀ sípò.

Fún fódà 2019, sọ́fítíwía PhotoRec ni mo lò. Òun ò wo orúkọ fáìlì rárá, ó ń wá àmì tí fáìlì fi ń bẹ̀rẹ̀, FF D8 FF tó bá jẹ́ JPEG. Ó kó wọn sínú recup_dir.1, recup_dir.2, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fáìlì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, orúkọ wọn di f pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ. Exiftool ló bá mi fi ọjọ́ tí wọ́n ya wọ́n sọ wọ́n lórúkọ:

exiftool '-FileName<CreateDate' -d %Y%m%d_%H%M%S%%-c.%%e recup_dir.*

Èyí tó ti gba WhatsApp kọjá, WhatsApp ti yọ ọjọ́ kúrò lára wọn, kò sóhun tí exiftool lè ṣe. Àǹtí jókòó tì mí ó ń fojú tò wọ́n: "Ti Ìbàdàndùn yẹn, ìgbà ìgbéyàwó ọmọ Ìyá Kútọ̀ ni, gbé e síbẹ̀." Orí èèyàn náà, hàbà.

Mo tún fi jpeginfo -c wo gbogbo àwòrán tí PhotoRec kó, fídíò mo fi ffmpeg -v error -i fidio.mp4 -f null - wò wọ́n. Tí ffmpeg ò bá sọ nǹkan kan, fídíò yẹn pé.

5. Ibo la fẹ́ kó wọn sí?

Kí n tó sọ tán, Àǹtí ti gbé fláàṣì 2TB wálé. "₦18,000 péré ni mo ná an sí o!" Inú wọn dùn gan-an. Mo kì í bọ Ubuntu, sudo f3probe --destructive --time-ops /dev/sdd, ó ní ayédèrú ni, irú tí wọ́n ń pè ní limbo, 32GB lohun tó wà nínú ẹ̀ lóòótọ́. Gbájúẹ̀ ni. Wọ́n tún nọ́ńbà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ṣe ni, ẹ máa kó fáìlì sínú ẹ̀, á máa gbà á, orúkọ á máa hàn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i lẹ máa mọ̀ pé òfìfo lẹ tọ́jú. Ẹni tó ń lo Windows, H2testw ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bóyá fláàṣì ni o, bóyá mẹ́mọ́rì káàdì, ẹ dán an wò ní ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, kí onítọ̀hún ṣì dá yín mọ̀.

SSD, dísìkì oníṣíìpù, wù mí torí kò sóhun tó ń yí nínú ẹ̀, tó bá bọ́ sílẹ̀ kì í sábà ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ fún kéèyàn kó nǹkan sí i kó gbé e sínú dúrọ́ọ̀, rárá. Agbára iná kékeré ló fi ń rántí nǹkan, tí kò bá rí iná fún ìgbà pípẹ́ á máa jò, ooru á tún mú un yára. Ìlànà JEDEC, àjọ tó ń ṣètò ìlànà irú ẹ̀rọ yìí, fún SSD tá à ń lò nílé ò béèrè ju ọdún kan lọ láìsí iná ní ìwọ̀n ooru 30, fún èyí tí wọ́n bá ti lò dé òpin agbára ẹ̀. Yàrá wa ń ju 30 lọ ní oṣù kẹta.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì: Google Drive ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti Photos sì ń jẹ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ gbé 600GB lọ sókè lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé 5 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọjọ́ mọ́kànlá ni láìsinmi, kí iná má lọ, kí dátà má tán. Ìwé owó ọjà àti àṣàyàn bátànì nìkan la gbé síbẹ̀.

Háàdì dísìkì lásán la padà sí, méjì, 2TB 2TB. Ọ̀pọ̀ irú kékeré yìí jẹ́ SMR, ìyẹn ni pé ojú ọ̀nà tó ń kọ nǹkan sí gorí ara wọn, tẹ́ ẹ bá ń kó nǹkan púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà á kọ́kọ́ sáré, á wá rọ. Fún backup, kò burú. RAID, ìyẹn kí dísìkì méjì máa kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, la ò ṣe, torí RAID ń gbà yín lọ́wọ́ dísìkì tó kú, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín pa fáìlì rẹ́, á bá yín pa á rẹ́ lójú méjèèjì.

Òfin 3-2-1 tí Peter Krogh, fọtógíráfà ará Amẹ́ríkà, sọ di mímọ̀ la tẹ̀ lé: ẹ̀dà mẹ́ta, orí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíì. Láptọ́ọ̀pù Àǹtí, dísìkì A, dísìkì B, àti díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dísìkì A wà ní ilé wọn ní Ọbantókò, dísìkì B wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n fẹ́ kí B wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú, mi ò gbà, láptọ́ọ̀pù ti ń bá wọn lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, tí iná bá sì mú ọjà, méjèèjì ló máa lọ.

6. Bá a ṣe tò ó

NTFS ni mo fi fọ́ọ̀mátì A àti B, nítorí jọ́nà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Sọ́fítíwía FreeFileSync ló ń kó fáìlì láti láptọ́ọ̀pù lọ sórí wọn, Update ni mo mú, mi ò mú Mirror, torí Mirror á pa ohun tí wọ́n bá ti pa lórí láptọ́ọ̀pù rẹ́ lórí dísìkì náà. Mo tún tan Versioning, fáìlì tó bá yí padà, ti tẹ́lẹ̀ á lọ sí fódà ọ̀tọ̀. Tó bá ti parí, wọ́n á tẹ Safely Remove, wọ́n á yọ ọ́, dísìkì ò gbọdọ̀ wà lẹ́nu láptọ́ọ̀pù títí. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa tó sì ń béèrè owó, gbogbo ohun tó bá rí lẹ́nu kọ̀ǹpútà ló ń tì.

Èyí tí àwọn èèyàn máa ń fò ni àyẹ̀wò. Mo wọnú fódà Adire, mo ṣe àkójọ àmì ìdánimọ̀ gbogbo fáìlì:

find . -type f -print0 | xargs -0 sha256sum > ../akojo.sha256

Tí mo bá gba dísìkì wọlé láti pààrọ̀ A pẹ̀lú B, sha256sum -c --quiet ../akojo.sha256 ni mo máa kọ́kọ́ tẹ̀. Tí kò bá sọ̀rọ̀, ohun tá a kó síbẹ̀ ló ṣì wà ńbẹ̀. Fáìlì tí àwa fúnra wa bá tún ṣe náà á yọ jáde níbẹ̀ o, nítorí náà mo máa ń ṣe àkójọ tuntun lẹ́yìn àyẹ̀wò.

Owó: wáyà ₦3,500, hub ₦14,000, dísìkì méjì ₦236,000, gbogbo ẹ̀ ₦253,500. Mi ò ka ₦18,000 fláàṣì yẹn mọ́ ọn, Àǹtí ní àwọn máa lọ bá ẹni tó tà á.

Dísìkì àtijọ́, mo kọ MÁ LÒ sí i lára. Wọ́n ní ṣé àwọn ò lè kó fíìmù sí i ni? Mo ní C5 ẹ̀ ti kúrò ní 504, ó ti lé ní 3,000 báyìí, àwọn náà ló mọ̀.

Fídíò méjì ló kù tí ò tíì jáde, "moov atom not found" ni ffmpeg ń wí. Moov ni ibi tí MP4 kọ ètò ara ẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ fóònù sì ń kọ ọ́ sí ìdí fáìlì, tí ìdí bá ti gé, kò sí ẹ̀rọ tó máa mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Untrunc lè tún un kọ tó bá rí fídíò míì tó pé tí fóònù kan náà yà lórí ètò kan náà. Fóònù yẹn, wọ́n ti fi tọrẹ fún ìbátan wa kan ní Ṣàgámù, ó ní òun máa gbé e wá tóun bá ń bọ̀ wá ra aṣọ.